Ta ló fẹ́ dìbò láìdé ibùdó ìdìbò? Àlàyé lórí ìbò àwọn tó wà lókèèrè àti ìbò ṣáájú ọjọ́

Tẹ́ ẹ bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp àdúgbò tàbí ti àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, ó dájú pé ẹ ti rí i. Ẹnì kan á fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbà á o, àwọn èèyàn wa ní London àti Houston máa dìbò ní 2027. Kó tó dalẹ́ ẹlòmíì á ní irọ́ ni, sọ́jà àti ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á wá já wọ àárín wọn pé fóònù la máa fi dìbò, ká kàn máa retí líǹkì. Ẹ má retí líǹkì kankan, Nàìjíríà ò ní ètò fífi fóònù dìbò, tẹ́nì kan bá sì ní kẹ́ ẹ fi NIN àti nọ́ńbà káàdì ìdìbò yín sórí ojú òpó kan kẹ́ ẹ lè dìbò látilé, gbájúẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjì tó kù yẹn, òótọ́ wà nídìí wọn, àmọ́ wọ́n ti lọ́ wọn mọ́ra débi pé èèyàn ò mọ èwo ni wọ́n ń jà lé lórí mọ́.

Kí ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Abike Dabiri-Erewa tó ṣojú Ìkòròdú nílé aṣojú-ṣòfin láti 2003 sí 2015 ti ń pariwo ẹ̀ láti ìgbà tó wà níbẹ̀, kó tó wá di ọ̀gá NiDCOM, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókèèrè.

Ohun tó tún ta á jí ni ìbò 2023. Nígbà tí ìbò yẹn parí, INEC jókòó yẹ ara wọn wò, wọ́n wá kọ ìwé kan jáde tí àbá 142 wà nínú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, INEC lè dá a ṣe fúnra wọn, àmọ́ mẹ́jọ wà tó jẹ́ pé àfi táwọn aṣòfin bá dá sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n ti ní káwọn tó wà lókèèrè náà láǹfààní láti dìbò, káwọn tí iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ́jọ́ ìbò sì lè dì í ṣáájú. Mahmood Yakubu ni alága INEC nígbà yẹn, kí Joash Amupitan tó gorí àga lóṣù kẹwàá 2025.

Ní 2025 yẹn náà, àbá òfin kan wọlé tí orúkọ olórí ilé aṣojú-ṣòfin, Tajudeen Abbas, wà lórí ẹ̀, pé kí wọ́n tún òfin ìdìbò ṣe nítorí àwọn tó wà lókèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń bójú tó ètò ìdìbò gbé àtúnṣe mìíràn síta fún aráàlú láti dá sí, ó sì wà nínú ẹ̀ pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìbò ṣáájú, ó pẹ́ tán kó jẹ́ ọjọ́ 14 kó tó di ọjọ́ ìbò gangan, kí àwọn agbófinró, òṣìṣẹ́ INEC, oníròyìn àti àwọn tó ń mójú tó ìbò lè ti dìbò tiwọn kí wọ́n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Báyìí ni àbá méjèèjì ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn táwọn èèyàn wá ń ka tọ̀hún mọ́ ti ìkejì.

Ṣé nǹkan kan náà kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ni?

Rárá o. Ìbò àwọn tó wà lókèèrè túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gbé Toronto lè dìbò níbẹ̀, bóyá ní ẹ́ńbásì, bóyá ní gbọ̀ngàn kan tí INEC gbà, bóyá kó tiẹ̀ fi ránṣẹ́ nípa póòsì. Ìbò ṣáájú ọjọ́ ní tiẹ̀, inú Nàìjíríà níbí ni, èèyàn á yọjú fúnra ẹ̀, BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi ń dá olùdìbò mọ̀, á ya ojú tàbí ìka ẹ̀ wò, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ẹ̀ ló yàtọ̀. Ìbò póòsì ni pé wọ́n á fi pépà ìdìbò ránṣẹ́ sílé yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó dá a padà. Ìbò aṣojú sì wà, níbi tí òfin ti gbà kẹ́ ẹ yan ẹnì kan tó máa lọ bá yín dì í, wọ́n ń ṣe ìyẹn nílùú ọba, Ghana náà ní in nínú òfin wọn. Níbí, ẹni tó bá gbé káàdì ẹlòmíì lọ dìbò, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n jiyàn lé lórí ní Abuja ní 2025.

Èyí tó jọ ọ́ díẹ̀ tá a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ti àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé. Láti 2015 ni INEC ti ń ṣètò káwọn ará Borno, Adamawa àti Yobe tó wà ní káǹpù lè dìbò níbi tí wọ́n sá sí, tí ìbò wọn á sì ka fún ìlú tí wọ́n ti wá. Òfin sọ pé kí INEC sa gbogbo agbára ẹ̀ kí àjálù má gba ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní PVC kó tó jápa, kí ló dé tí kò lè dìbò?

Ìdí méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ti àkọ́kọ́ wà nínú òfin àgbà 1999. Abala 77 sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀. Abala 117 sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ wá wo abala 132 àti 178, ẹni tó bá wà lórí rẹ́jísítà fún ìbò aṣòfin náà ló lè dìbò ààrẹ àti ti gómìnà. Ohun tí èyí fà ni pé ọmọ tí wọ́n bí sí Dublin, tí ìwé ìrìnnà ẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, tó wá pé 18 níbẹ̀, kò rí ibi gbà wọ inú rẹ́jísítà àyàfi tó bá wá gbélé.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín ti forúkọ sílẹ̀ kó tó lọ, àbí? Àwọn lọ́yà kan sọ pé òfin àgbà ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà rárá, pé ìgbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló sọ, kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé Nàìjíríà lọ́jọ́ ìbò. Ibi tó ti wá há ni ìdí kejì, òfin ìdìbò fúnra ẹ̀: ibùdó tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lẹ ti máa dìbò, ẹ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, BVAS gbọ́dọ̀ dá yín mọ̀. Tí ibùdó yín bá wà ní Ìtá Fájì, tẹ́ ẹ sì wà ní Manchester, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yín ṣì wà lórí rẹ́jísítà o, wọ́n ṣì ń kà yín mọ́ àwọn tí ò jáde.

Nínú iyàn yìí ni àwọn tó gbé àbá ti 2025 wá ti rí àyè pé tí wọ́n bá tún òfin ìdìbò nìkan ṣe, ó lè tó láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń takò wọ́n ní rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ tún òfin àgbà ṣe, torí tẹ́ ẹ bá fi òfin kékeré ṣe é, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìbò máa gbé e lọ ilé ẹjọ́ ni, gbogbo ìbò tó ti òkèèrè wá lè dòfo lọ́jọ́ kan. Ìyàtọ̀ ààrin méjèèjì ò kéré, torí òfin ìdìbò, tí àwọn tó pọ̀ jù nílé bá ti gbà á, ó kọjá. Òfin àgbà gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, lẹ́yìn ẹ̀ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tún fọwọ́ sí i.

Ṣebí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí?

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ó sì kú. Ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022 ni ilé méjèèjì dìbò lórí àwọn àtúnṣe òfin àgbà, ti ìbò àwọn tó wà lókèèrè sì wà lára wọn. Nílé aṣòfin àgbà, 29 gbà á, 62 ò gbà. Nílé aṣojú-ṣòfin, 58 gbà á, 240 ò gbà. Kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n da àwọn àbá tó jẹ mọ́ ti obìnrin nù, àwọn obìnrin sì lọ dó sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, ariwo tiyẹn ló bo èyí mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìṣirò òṣèlú náà ò ṣeé fojú fò. Ẹ wo Èkó nìkan. Nínú ìbò ààrẹ 2023, Labour Party ní ìbò 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Ohun tó wà láàrin wọn ò pé 10,000. Ìdílé wo ló wà ní Sùúrùlérè tàbí Fẹ́sítáàkì tí ò lẹ́nì kan lókèèrè? Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá rò pé àwọn tó jápa ń bínú sí òun ò ní yára ṣílẹ̀kùn fún wọn, èyí tó bá rò pé tòun ni wọ́n máa ṣe á máa pariwo ẹ̀tọ́. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó máa sọ ọ́ síta báyẹn ṣá.

Iye tí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ lókèèrè gan-an, ìjà wà lórí ẹ̀. Iye tí NiDCOM máa ń dá bà lé ní mílíọ̀nù 15, nígbà tí ìṣirò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún 2020 ò ju bíi mílíọ̀nù 1.7 lọ. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé àwọn tó kúrò nílùú tí wọ́n bí wọn sí ni àjọ àgbáyé ń kà, NiDCOM ń ka ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ pépà ìdìbò fún mílíọ̀nù kan tàbí fún mílíọ̀nù 15, owó ẹ̀ ò dọ́gba.

Àwa tá ò lọ síbì kankan ńkọ́?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti kan ará Èkó jù, ó sì jẹ́ ibi tí wọ́n máa ń fò kọjá torí London dùn ún sọ lẹ́nu ju Ìdí-Àràbà lọ.

Èkó ló ní olùdìbò jù lórí rẹ́jísítà INEC ní 2023, 7,060,195. Àwọn tí BVAS yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìbò ààrẹ jẹ́ 1,347,152. Tẹ́ ẹ bá to èèyàn 100 tó ní orúkọ lórí rẹ́jísítà, 19 péré ló yọjú. Lóòótọ́, àwọn kan ò jáde torí wọn ò nígbàgbọ́, àwọn kan ń bẹ̀rù jàgídíjàgan, àwọn kan sùn. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó fẹ́ jáde tí ò rí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ ìbò, ọ̀gá ọlọ́pàá máa ń kéde pé kí mọ́tò má rìn, ní 2023 láti aago 12 òru títí di 6 ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìkòròdú nígbà tó ṣì wà nílé bàbá ẹ̀, tó wá ń gbé Ajah báyìí, kò sí dánfó, kò sí kòròpé, ọkọ̀ tiẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ jáde, àwọn ọmọ ti fi títì ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Ilé ni kó jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ní Èkó yìí, owó ilé ọdún méjì ló máa gbé èèyàn láti Agége lọ sí Ìyànà-Ìpájà, ìgbà tí lándílọ́ọ̀dù bá tún fi owó lé e, ó di Mọ́wẹ̀. Káàdì ìdìbò ò bá wọn kó ẹrù.

Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní ṣífìtì ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn, ní Island Maternity. Aláboyún ò ní dúró de INEC. Ẹ wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Apápá, àwọn tó wà ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, àwọn oníná, gétìmáànù tó wà lẹ́nu géètì ní Lẹ́kí tó jẹ́ pé Ọ̀ṣun tàbí Kebbi ló ti forúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí mádàámú ò ní fún láyè. Ẹ wá ka ọlọ́pàá tí wọ́n gbé láti Ìkẹjà lọ ṣọ́ ibùdó ní Badagry mọ́ ọn, àti àwọn kọ́pà tó ń jókòó ti BVAS látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń bá ẹlòmíì ṣètò ìbò tí tiwọn sì wà ní Ondo. Àwọn tó ń gbé ìbò ró gan-an ni kì í dìbò.

Ti àwọn ọmọ yunifásítì ní 2023 tún burú ju gbogbo ìyẹn lọ. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní kí gbogbo yunifásítì tì pa láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta kí wọ́n lè lọ dìbò. Fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nílé nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé agbègbè Akọkà ló ti forúkọ sílẹ̀ torí UNILAG ló ń gbé, wọ́n lé e jìnnà sí ìbò ẹ̀ ni.

Ìbò ṣáájú ọjọ́ lè yanjú lára èyí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìbò ni àbá ti 2025 kọ́kọ́ rò. Ìbéèrè tó ń jà ràn-ìn ni ta ni ká kà sí òṣìṣẹ́ pàtàkì: ṣé nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́, ṣé dírẹ́bà áńbúláǹsì wọ̀ ọ́, ṣé oníná wọ̀ ọ́? Tẹ́ ẹ bá wá ṣí i fún gbogbo wọn, ta ló máa kọ orúkọ wọn, ta ló sì máa rí i pé ọ̀gá kan ò kó orúkọ ọmọọ̀ṣẹ́ 500 wá?

Kí làwọn tó fẹ́ ẹ ń sọ?

Owó ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lókèèrè ń fi nǹkan bíi $20 bílíọ̀nù ránṣẹ́ wálé lọ́dún, ilé ìwé ni wọ́n fi ń san, oògùn ìyá ni, ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni. Wọ́n ní ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé ò yẹ kó jẹ́ àlejò nílé. Àwọn mìíràn ní ẹ fi tówó sílẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀, yálà ó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ tàbí kò fi ránṣẹ́.

Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí ohun kan tó jọ ẹ̀rín. Nílùú ọba, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú, torí pé a wà nínú Commonwealth, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tiẹ̀ lè fi pépà ìdìbò ránṣẹ́ sílé ẹ̀ ní Peckham tó bá wù ú. Ẹni kan náà yẹn ò lè yan alága káńsù ní Mushin. Níhìn-ín ní Èkó, àwọn ọmọ France tó wà láàrin wa máa ń lọ dìbò ààrẹ wọn lábẹ́ àbójútó ilé iṣẹ́ kọ́ńsọ́lù wọn, wọ́n tún ní ìjókòó 11 nílé aṣòfin Paris fún kìkì àwọn tó wà lókèèrè.

Kí ló wá ń ba àwọn tó kù lẹ́rù?

Èmi ò rò pé ìkà ló ń ṣe gbogbo wọn. Ọ̀nà tá a gbà ń fọkàn tán ìbò ní Nàìjíríà, ojú lásán ni. Ẹ dìbò, ẹ dúró, òṣìṣẹ́ INEC á gbé pépà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn á máa kà á láriwo, àjẹ́ńtì á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n á lẹ èsì mọ́ ògiri, ẹ ó yà á ní fótò. Ìbò tí wọ́n dì ní ọjọ́ 14 ṣáájú, ta ló máa sùn ti àpótí yẹn? Èyí tí wọ́n dì ní Johannesburg, àjẹ́ńtì ẹgbẹ́ kékeré tí ò lówó wọkọ̀ ọ̀fúrufú ń kọ́?

Ẹ má sì gbàgbé dìbò-kóo-sebẹ̀. INEC ní kí èèyàn má mú fóònù wọ ibi ìtẹ̀ka torí àwọn tó ń ra ìbò máa ń ní kẹ́ ẹ ya fótò kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó sanwó. Tí pépà bá wá ń dé ilé, kò sẹ́ni tó tún nílò fótò, ẹni tó ra ìbò á jókòó tì yín lórí àga ni. Wọn ò dá ẹ̀rù yìí sílẹ̀ lásán. Ní Birmingham, ìbò káńsù 2004, adájọ́ wọ́gi lé ìdìbò káńsílọ̀ mẹ́fà torí pé wọ́n fi ìbò póòsì ṣe màgòmágó, nílùú ọba tí póòsì ti ń ṣiṣẹ́ látayébáyé.

Agbára ẹ́ńbásì wà níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti lọ ṣe páásípọ́ọ̀tù ní ẹ́ńbásì wa rí mọ bí ìlà ṣe ń gùn. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni ààrẹ pe gbogbo àwọn aṣojú wa lókèèrè wálé, ó sì lé ní ọdún méjì kí orúkọ àwọn tuntun tó jáde. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní ṣé ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbé àpótí ìdìbò sí.

Ìṣòro kan tún wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ó sì le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ lójú tèmi. Láti di ààrẹ, ìbò tó pọ̀ jù nìkan ò tó, èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú Abuja. Ìbò tí wọ́n dì ní Chicago, ìpínlẹ̀ wo la máa kà á mọ́? Ìpínlẹ̀ bàbá onítọ̀hún ni, àbí ibi tó gbé kẹ́yìn? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbé Yábàá títí tó fi lọ, ṣé Ògùn ni àbí Èkó? Tí òfin ò bá sọ ọ́ ní kedere, ilé ẹjọ́ ló máa bá a sọ lẹ́yìn ìbò, a sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ìdí nìyí táwọn kan fi ní ká fi ìbò ààrẹ nìkan bẹ̀rẹ̀, ká fi ti aṣòfin àti gómìnà sílẹ̀ ná, àmọ́ ìbéèrè ìpínlẹ̀ yẹn ṣì dúró síbẹ̀.

Ṣé a ò lè fi póòsì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é ni?

Póòsì ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà. Látìgbà ogun abẹ́lé wọn ni wọ́n ti jẹ́ kí sọ́jà dìbò láti ojú ogun, ìpínlẹ̀ Oregon ti ń fi póòsì ṣe gbogbo ìbò ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 20, ní 2020 tí kòrónà wà níta, nínú èèyàn 10 tó dìbò, ó lé ní 4 tó fi póòsì ṣe é. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jà lé e lórí títí dòní, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, àwọn kan ní àfi tẹ́ ẹ bá sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, àwọn kan ò bi yín ní nǹkan kan. Ní tiwa, àdírẹ́sì ni ká kọ́kọ́ wá. Ilé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lójúlé kejì sí ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, NIPOST, iléeṣẹ́ póòsì wa, ò ní rí i.

Íntánẹ́ẹ̀tì, Estonia ti ń fi í dìbò láti 2005, ní 2023 ó lé ní ìdajì wọn tó gba ibẹ̀. Àmọ́ orílẹ̀-èdè kékeré ni, káàdì ìdánimọ̀ wọn sì ti so mọ́ gbogbo nǹkan. France tó ń jẹ́ káwọn ará òkèèrè fi íntánẹ́ẹ̀tì yan aṣòfin dá a dúró ní 2017 nítorí ẹ̀rù àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà, kó tó dá a padà ní 2022. Àwa tá a ṣì ń jà lórí bóyá èsì wọ IReV, ojú òpó tí INEC ń gbé èsì ìbò sí, lásìkò tàbí kò wọ̀ ọ́, ẹ fojú inú wò ó.

Ghana ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò. Láti 2006 ni Ghana ti ṣòfin pé káwọn ọmọ wọn lókèèrè dìbò. Ilé ẹjọ́ gíga ní Accra tún pàṣẹ ní 2017 pé kí àjọ ìdìbò wọn ṣe é láàrin ọdún kan. Wọ́n dìbò ní 2020, wọ́n tún dìbò ní 2024, ará òkèèrè lápapọ̀ ò rí nǹkan kan dì. Ṣùgbọ́n ìbò ṣáájú ọjọ́, wọ́n ń ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́: ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2024 ni ìbò wọn, ọjọ́ 2 ni ọlọ́pàá, oníròyìn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìbò ti dì tiwọn, wọ́n sì tì í mọ́ àpótí di ọjọ́ tí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àwọn tó fẹ́ ká fi ìbò ṣáájú ọjọ́ ṣíwájú níbí, Ghana ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi ará òkèèrè sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí ayé, Ghana náà ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ńkọ́?

Wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin sọ ní 2014 pé ẹ̀wọ̀n ò gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ wọn, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2018. Síbẹ̀ àpótí ìdìbò ò tíì wọ Kirikiri tàbí Ìkòyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló ṣì ń retí ìdájọ́, òfin ò tíì ní wọ́n jẹ̀bi ohunkóhun.

Kí ni mo lè ṣe ní tèmi báyìí?

Tẹ́ ẹ bá wà ní Èkó, tó jẹ́ pé àdúgbò míì ni ibùdó yín wà, ẹ gbé ìforúkọsílẹ̀ yín wá sí ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Kò nílò òfin tuntun kankan. Ìforúkọsílẹ̀ tí INEC bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ 2025 fi àyè ìyẹn sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi INEC bóyá ó ṣì ń lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí ojú òpó INEC, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, olú ilé iṣẹ́ wọn fún Èkó wà ní Sábó, Yábàá. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tuntun o, ìka yín máa tú yín fó nínú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á yọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Gbígbé e láti ibùdó kan sí òmíì lẹ máa sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ṣe. Tí káàdì tuntun bá ti jáde, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ gbà á, INEC ò gbà kí ẹlòmíì bá yín gbà á, ì báà ṣe ìyàwó tàbí ọkọ yín.